Ohùn tó ń sọnù lẹ́nu ibodè

Wàhálà kan wà tí àwọn tó ń lo tẹlifóònù orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń bá pàdé. Aago á dún, a ó gbé e, ẹni tó pè á máa gbọ́ wa ketekete, àmọ́ àwa ò ní gbọ́ nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú ẹ̀yin tí mo kọ́, tó ń bójú tó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn kékeré kan lágbègbè wa níbí, ló bi mí ní ohun tó ń fà á. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Aláboyún tó bá pè lóru, tí nọ́ọ̀sì kàn ń ṣe “hẹ́lò, hẹ́lò” tó sì gbé e sílẹ̀, á rò pé wọn ò ka òun sí ni. Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi o, kì í ṣe iṣẹ́ wáyà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wò ó, ọ̀rọ̀ yìí sún mọ́ èdè ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin àgbà á rántí “trunk call” láyé P&T, kó tó di NITEL ní 1985. Trunk ni ọ̀nà ńlá tó so ilé ìpè kan mọ́ èkejì. SIP trunk tòní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀: òun ló so ẹ̀rọ tẹlifóònù inú ọgbà wa mọ́ ilé iṣẹ́ tó ń ta ìpè fún wa, àfi pé orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ń gbà. SIP fúnra rẹ̀ ni ìlànà tí àwọn ẹ̀rọ fi ń pe ara wọn. Ìwé RFC 3261, tó jáde ní 2002, ni wọ́n ń tẹ̀ lé.

Àwọn kan ń pe firewall ní “ògiri iná”. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ògiri tí kì í jẹ́ kí iná ràn láti yàrá kan dé èkejì ni àwọn Òyìnbó ní lọ́kàn; létí Yorùbá, ó dà bí ògiri tó ń jó. Oníbodè lèmi ń pè é. Ẹni tó bá ti inú ìlú jáde láàárọ̀, oníbodè á dá a mọ̀ nígbà tó bá ń padà bọ̀, á ní kó wọlé. Àjèjì tí ẹnikẹ́ni ò ránṣẹ́ sí, ìta ló máa dúró. Bí firewall ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn, àléébù tirẹ̀ ni pé ìrántí rẹ̀ kúrú. Ìwé RFC 4787, ti 2007, ní ìrántí yẹn kò gbọdọ̀ dín ní ìṣẹ́jú 2, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ráútà ló ti ń gbàgbé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 30. Ìdí nìyí tí ìpè fi máa ń wọlé dáadáa ní kété tí a bá pa ẹ̀rọ tí a tún tàn án, tó bá ṣe díẹ̀, ìpè ò ní wọlé mọ́, bẹ́ẹ̀ tí a bá pe ìta, ó ń lọ. Kí ẹ̀rọ wa máa kí ilé iṣẹ́ náà ní ìṣẹ́jú àáyá 25-25, kí oníbodè má baà gbàgbé wa: nínú Asterisk, qualify_frequency ló ń ṣe é.

Ohùn tó ń sọnù ńkọ́? SIP kì í gbé ohùn. Tó bá ti bá wa pe ẹni náà tán, RTP ló ń gbé ohùn, ó sì ń gba póòtù mìíràn. Nínú lẹ́tà tí SIP ń kọ, ìlà kan máa ń wà níbẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú c=, níbi tí ẹ̀rọ wa ti ń sọ ibi tí kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ sí. Ẹ fi sngrep tàbí Wireshark wò ó. Tí ẹ bá rí c=IN IP4 192.168.1.10 nínú lẹ́tà tó ń lọ síta, ẹ ti rí olè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe kíláàsì ìtumọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ rántí “níbí” àti “lọ́hùn-ún”. Ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ àfi tí a bá mọ ibi tí olùsọ̀rọ̀ dúró sí ni. 192.168 gan-an, “níbí” ni. Láti 1996 ni RFC 1918 ti ya irú àwọn adírẹ́sì bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ fún ìlò inú ilé, gbogbo ayé ló sì ń lò wọ́n. Ẹni tó bá kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀n pé kí wọ́n fèsì sí “yàrá kejì lọ́wọ́ ọ̀tún”, ta ló fẹ́ gbé èsì náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? NAT inú ráútà ń pààrọ̀ adírẹ́sì ara àpò ìwé. Kì í tú lẹ́tà inú rẹ̀ wò. Ohùn tiwa ń jáde, nítorí adírẹ́sì ilé iṣẹ́ náà mọ́ wa. Tiwọn ń lọ sí “níbí” tí wọn ò mọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń fojú fo ohun tí lẹ́tà sọ, wọ́n á wo ibi tí ohùn wa ti wá, wọ́n á dá tiwọn padà síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi lè ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnì kan, kó má ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ sọ fún Asterisk orúkọ tí ìta ń pè wá: external_media_address àti external_signaling_address, kí ẹ sì fi local_net sọ èyí tó jẹ́ ti inú ilé. Èkejì nínú wọn yẹn ló tún ń wo àìsàn mìíràn sàn, ti ìpè tó ń já ní ìṣẹ́jú àáyá 32 géérégé. Ẹ̀rọ wa ti ní “a ti gbé e”, ó ń retí ACK, ACK sì ti lọ sí “níbí”. Tí ó bá ti retí fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 64, á já ìpè náà.

Ẹ pa SIP ALG inú ráútà. Òun ni agbọ̀rọ̀sọ tó ń tú lẹ́tà láti tún un ṣe, tí kò sì gbédè tó. Ó sábà máa ń bà á jẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ṣí póòtù RTP, 10000 sí 20000, tó bá jẹ́ pé òun ló wà nínú rtp.conf yín. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí 5060 fún gbogbo ayé! Adírẹ́sì ilé iṣẹ́ tẹ́ ẹ bá dòwò pọ̀ nìkan ni kí oníbodè gbà wọlé. Àwọn olè wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n wá irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kiri, wọ́n á fi pe nọ́ńbà olówó gọbọi nílẹ̀ òkèèrè mọ́jú, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Tiwa ní Àjàgbà níbí àti káàkiri Òkìtìpupa tún ní ìkọ́ nínú, nítorí módẹ̀mù orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ni ọ̀pọ̀ ń lò. Ẹ wo adírẹ́sì tí ráútà gbà láti ìta. Tó bá wà láàárín 100.64 sí 100.127, ibodè méjì ló wà, ti kejì kò sì sí lọ́wọ́ yín. Ṣíṣí póòtù kò lè ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀. Ẹ ra adírẹ́sì gbangba tí kì í yí padà, tàbí kí ẹ fi VPN so ẹ̀rọ mọ́ sáfà tó ní irú rẹ̀.

Tí ohùn bá wọlé àmọ́ tó ń já gégé, kì í ṣe oníbodè nìyẹn mọ́, ọ̀nà ló tóóró. G.711 ń fẹ́ nǹkan bí 87 kílóbíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lọ àti bọ̀, G.729 ń fẹ́ bí 31. Ìgbà mìíràn, ọ̀nà ọ̀hún ló já pátá, bíi ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024 tí okùn abẹ́ òkun bàjẹ́ lápá Abidjan. (Àwọn kan bẹ̀rù pé tẹlifóònù á pa ohùn Yorùbá run, torí ó ń gé ìró tó wà lábẹ́ 300 Hz kúrò, ibẹ̀ sì ni gbòǹgbò ohùn wa wà. Síbẹ̀ ẹ ṣì ń gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀ lórí fóònù. Àwọn ìró òkè ni etí fi ń tún un kọ́.)

Tẹ́ ẹ bá ṣe tán, ẹ má ṣe dán an wò láti inú ọgbà. Kí ẹnì kan fi fóònù rẹ̀ pè láti ìta, kí ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 40, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan láìfọwọ́ kàn án, kó tó tún pè.