Ọ̀rọ̀ Tó Yára Ju Omi Lọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni omíyalé rí.

Orí ilẹ̀ gíga ni ìlú Kétu wà. Ṣùgbọ́n odò Ouémé ń ṣàn kọjá ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ náà, àwọn àgbẹ̀ sì ń dáko létí rẹ̀. Nígbà òjò, odò náà a máa kún. Ní ọdún 2010, omíyalé kan kọ́múnù 55 nínú 77 tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ó pa ènìyàn 46. Àwọn tó fara gbá a tó 680,000.

Láti ìhà àríwá ni odò Ouémé ti ń bọ̀. Ó ń gba ẹ̀bá Ṣábẹ̀ẹ́, tí ìwé ìjọba ń pè ní Savè, kó tó dé ilẹ̀ Kétu. Ìrìn omi náà ń gba àkókò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ orí WhatsApp ń dé lójú ẹsẹ̀. Bí ará Ṣábẹ̀ẹ́ bá kọ̀wé pé odò ti kún, àgbẹ̀ Kétu lè kó àgbàdo àti ewúrẹ́ rẹ̀ kúrò kí omi tó dé.

Háítì fi hàn pé èdè abínibí tó fún iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2010, ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀. Wọ́n ya nọ́ńbà 4636 sọ́tọ̀ fún àwọn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fi fóònù kọ̀wé sí i ní èdè Kreyòl. Àwọn ọmọ Háítì tó wà lókè òkun túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn agbanilà tí kò gbọ́ èdè náà.

Ṣùgbọ́n “Ẹ gbà wá o” nìkan kò tó. Ọ̀rọ̀ tó wúlò a máa sọ orúkọ abúlé, ọjọ́, wákàtí, iye ènìyàn àti ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹni tó bá fi àwòrán omíyalé àtijọ́ ránṣẹ́ lórí Facebook bí ẹni pé tòní ni, ńṣe ló ń darí àwọn olùrànlọ́wọ́ sí ibi tí kò sí ewu. Bí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu, kí wọ́n kọ́kọ́ pe àwọn panápaná ní 118.

Nígbà tí omi bá fà, ìwé tún ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ẹni tó kọ iye oko àti ilé tó bàjẹ́ sílẹ̀, tó sì ya àwòrán wọn, ní ohun tí yóò fi han olórí abúlé àti kọ́múnù.

Ẹni tó mọ̀wé kọ lè kìlọ̀ fún gbogbo abúlé.