Jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun: Ìrètí ṣì wà fún ẹni tí wọn kò lè ṣiṣẹ́ abẹ fún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ṣùgbọ́n kí ni ká ti wí nípa ẹni tí oúnjẹ wà níwájú rẹ̀, tí ọ̀nà ọ̀fun kò jẹ́ kó gbé e mì? Bí jẹjẹrẹ ọ̀nà ọ̀fun ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Iyán ni yóò kọ́kọ́ máa há, aláìsàn á máa fi omi tì í. Tó bá yá, ẹ̀kọ mímu nìkan ni yóò máa lọ. Nígbẹ̀yìn, omi pàápàá á di ìjà.

Ní Ilé-Ifẹ̀ àti agbègbè rẹ̀, kì í ṣe ilé ìwòsàn ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbà lọ. Àwọn ẹbí á ní ó jẹun lójú oorun ni, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ àgbo, wọ́n á máa ti ilé àdúrà kan bọ́ sí òmíràn. Kí aláìsàn tó dé ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, OAUTHC, àìsàn náà lè ti wọ ọ̀nà èémí tàbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ti inú ọkàn jáde. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, dókítà kò lè fi ọ̀bẹ kàn án mọ́.

Èyí kò ní kí gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀. Bí àìsàn náà kò bá tíì tàn dé ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí eegun, àwọn oníṣègùn lè pa oògùn jẹjẹrẹ àti ìtànṣán pọ̀. Iṣẹ́ méjì ni oògùn ń ṣe: ó ń lé jẹjẹrẹ tó ti sá pamọ́ síbòmíràn, ó sì ń sọ èyí tó wà lọ́fun di aláìlágbára kí ìtànṣán tó bà á.

Ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1992 ló la ọ̀nà yìí. Wọ́n fún àwọn kan ní ìtànṣán nìkan, wọ́n sì fún àwọn yòókù ní ìtànṣán tó kéré sí ìyẹn pẹ̀lú oògùn cisplatin àti fluorouracil. Nígbà tí wọ́n tún gbé èsì mìíràn jáde lọ́dún 1999, 26 nínú 100 àwọn tó gba méjèèjì pọ̀ ló pé ọdún márùn-ún láyé. Nínú àwọn tó gba ìtànṣán nìkan, ẹyọ ẹnì kan kò pé e.

Ìtọ́jú náà kò rọrùn o. Ọ̀fun lè dégbò, èébì lè máa gbé aláìsàn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì lè rẹlẹ̀ débi tí àìsàn mìíràn á fi ráyè wọlé. Cisplatin tún lè ba kíndìnrín jẹ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fa omi púpọ̀ sí aláìsàn lára. Ẹni tí kò lè jẹun mọ́ lè nílò rọ́bà tí wọ́n máa fi bọ́ ọ láti inú ikùn kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀.

Ìnáwó tún wà níbẹ̀. Láti ọdún pípẹ́, UCH Ìbàdàn ni àwọn ará Ifẹ̀ máa ń lọ fún ìtànṣán. Láti ọdún 2019 ni ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH náà ti wà l'Ékòó. Ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gba ìtànṣán, fún bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Kò ṣeé dá dúró lágbedeméjì, torí jẹjẹrẹ á tún máa hù. Nítorí náà, kí ẹbí tó gbéra, kí wọ́n béèrè bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì wá ibi tí aláìsàn máa sùn àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jìnnà sí sìgá àti ọtí líle, ẹ má sì máa mu tíì tàbí ẹ̀kọ tó gbóná janjan. Ẹ gbé kọ́síìkì kúrò níbi tọ́wọ́ ọmọdé lè tó, nítorí ọ̀fun tó bá jó lè bí jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Bí oúnjẹ bá ń há yín lọ́fun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.