Bí Ìjì àti Yìnyín Bá Ba Òrùlé Jẹ́: Àtúnṣe àti Ìdójútòfò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀rà àti agbègbè rẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lẹ́ẹ̀kan yìí kan ilé olúkúlùkù.

Láti oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ni ìjì sábà máa ń ṣí páànù. Ìgbà náà gan-an ni owó kòkó ti tán lọ́wọ́, tí iṣẹ́ oko sì ń béèrè owó. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ṣí yóò sáré wá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́. Bí kò bá rí i san, ọrùn àwọn onídùúró rẹ̀ ni gbèsè ń bọ́ sí. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó ṣe kí ìjì tó dé.

Ohun tí ìjì àti yìnyín ń ṣe

Ìlà-oòrùn ni ìjì tó ń ṣáájú òjò ti sábà máa ń wá. Nítorí náà, etí òrùlé tó kọjú sí ìhà ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Atẹ́gùn a máa gba abẹ́ etí òrùlé wọlé, a sì ti páànù sókè láti inú, nígbà tí èyí tó ń kọjá lókè ń fà á.

Yìnyín ní tirẹ̀, inú ìkùukùu tó ga púpọ̀ ló ti ń dì. Nílẹ̀ wa, púpọ̀ nínú rẹ̀ a ti yọ́ kó tó balẹ̀. Èyí tó bá balẹ̀ lè tẹ páànù onírin wọ inú, ó sì lè fọ́ páànù asibẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́.

Bí a ṣe ń tún un ṣe

Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé títí òjò àti mànàmáná yóò fi dá. Bí wáyà iná bá já lulẹ̀, ẹ má ṣe sún mọ́ ọn.

Èkejì, kí ẹ tó kó ohunkóhun kúrò, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ ka iye páànù tó bàjẹ́, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi tàpólì bo ojú ibi tó ṣí, kí òjò má ba ẹrù àti ògiri jẹ́. Ẹ tọ́jú rìsíìtì gbogbo ohun tí ẹ bá rà.

Ẹ̀kẹrin, ẹ jẹ́ kí káfíńtà ya èyí tó tẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó lu. Páànù tó kàn tẹ̀ kì í jò, kò sì yẹ kí a torí rẹ̀ yá owó. Ihò kékeré ṣeé fi ọ̀dà dí. Bí ìṣó bá ti tú, kí a má ṣe gbá a padà sínú ihò rẹ̀ àtijọ́. Ìṣó tuntun tó ní rọ́bà lọ́rùn ni kí a gbá sórí ibi tó ga lára páànù, nítorí ibi tó rẹlẹ̀ ni omi ń gbà. Pákó tí ikán ti jẹ gbọ́dọ̀ kúrò, kí a sì fi irin so igi òrùlé mọ́ ògiri.

Ẹni tó ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ rẹ́ ẹ tàbí kó ha á ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró. Kí a fi omi rin ín kí a tó fọwọ́ kàn án, kí a sì bo imú.

Ọ̀rọ̀ ìdójútòfò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìdójútòfò iná ti kó ìjì mọ́ra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iná àti àrá ni ìwé náà sábà máa ń kà. Ìjì àti yìnyín jẹ́ àfikún tí a ń béèrè fún, tí a sì ń sanwó lé. Ẹ béèrè kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yín.

Bí a kò bá tíì san owó ọdún, kò sí ìdójútòfò. Òfin ọdún 2003 sọ bẹ́ẹ̀, òfin tuntun ti ọdún 2025 tó rọ́pò rẹ̀ kò sì yí i padà.

Ẹ má ṣe dín iye ilé yín kù kí owó ọdún lè kéré. Ká ní mílíọ̀nù 10 náírà ni a ó fi tún ilé kọ́, tí a sì kọ mílíọ̀nù 5 sílẹ̀. Bí ìjì bá ba ohun tó tó 600,000 náírà jẹ́, ilé-iṣẹ́ náà lè san 300,000 péré, nítorí ìdajì ilé ni a fi sábẹ́ ààbò. Wọ́n tún lè yọ iye tí a ti bá ara wa ṣàdéhùn pé onílé yóò fúnra rẹ̀ gbé. Páànù tí ìpẹtà ti jẹ tẹ́lẹ̀, wọn kì í san án.

Kíá ni kí ẹ kọ̀wé sí wọn bí ìbàjẹ́ bá ṣẹlẹ̀. Ẹ bo òrùlé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe parí àtúnṣe kí aṣojú wọn tó wò ó. Bí wọ́n bá kọ̀ láì nídìí, àjọ NAICOM ń gba ẹ̀sùn.

Ipa ti ẹgbẹ́

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a máa fi owó ìpamọ́ wa tún ìbàjẹ́ kékeré ṣe, kí a sì fi ìdójútòfò gbé èyí tó lè gba gbogbo òrùlé lọ. Ẹgbẹ́ lè pinnu ní ìpàdé gbogboogbò pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa dá owó òrùlé sọ́tọ̀ ní àkókò kòkó. Ṣùgbọ́n kí ìgbìmọ̀ má ṣe pè é ní ìdójútòfò, nítorí ilé-iṣẹ́ tó gba ìwé àṣẹ nìkan ló lè ta ìyẹn.

Nígbà tí mo bá tún wá yẹ ìwé yín wò, inú mi yóò dùn láti rí i pé a ti kọ owó òrùlé sílẹ̀ kí oṣù Kẹta tó wọlé. Àjọṣe wa kò ní bàjẹ́ o.