Nígbà tí Ẹsẹ̀ bá Wúwo

Bí ẹ bá jí ní ìdájí ní Òsì tàbí ní Ìlọ́fà, ẹ lè pàdé àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré lójú títì. Àwọn mìíràn ń múra sílẹ̀ de máratọ́ọ̀nù Èkó, eré ìje gígùn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016. Ó ju kìlómítà 42 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, inú olúkúlùkù máa ń dùn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹsẹ̀ á wúwo bí òkúta, oorun ìdájí á sì máa dùn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sílé.

Kí ló fà á? Ẹ wò ó, kì í ṣe orí eré gan-an ni agbára ti ń wọ ara. Eré máa ń ba iṣan jẹ́ díẹ̀. Bí a bá jẹun tí a sì sùn dáadáa, ara yóò tún un ṣe, yóò sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí kò bá sí ìsinmi, àtúnṣe kò ní parí, àárẹ̀ yóò máa gun orí àárẹ̀.

Àwa náà kò tètè mọ èyí. Nígbà tí a jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, ojoojúmọ́ ni a ń lé àwọn ọmọ sáré kí ìdíje tó dé. Ọ̀lẹ ni a ń pe ẹni tó bá fẹ́ sinmi. Ọmọ tó yára jù lọ nínú wọn ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wú nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ mélòó kan. Kò tún sáré mọ́. Ó ṣì ń dùn wá.

Ẹ gbọ́ ti Abebe Bikila, sójà ará Etiópíà. Ní ọdún 1960, ó sáré máratọ́ọ̀nù Òlíḿpíìkì ní ìlú Róòmù láìwọ bàtà, ó sì gba ipò kìíní. Ní ọdún 1964, nígbà tí ti Tókíò ku bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un ní ikùn. Síbẹ̀ ó lọ, ó sì tún gba ipò kìíní; wákàtí méjì, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11 ló fi sá a. Kò sí ẹni tó ti gbà á lẹ́ẹ̀mejì rí ṣáájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Mẹ́síkò, ní ọdún 1968, ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì yà kúrò lójú ọ̀nà kí eré tó dé ìdajì. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ?

Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ àárẹ̀ lásán, ẹ dín eré kù fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má pa á tì. Ẹ má ro kìlómítà 42; òpó iná tó wà níwájú ni kí ẹ lé bá. Ẹ wá ẹnìkejì tí yóò máa dúró dè yín ní ìkòríta, nítorí ojú á ti ènìyàn láti sùn nígbà tí ẹlòmíràn wà nínú òtútù ọyẹ́. Ṣùgbọ́n bí ojú kan bá ń dunni ṣáá, tàbí tó wú, tàbí tí àyà ń dunni, tí òòyì ń kọ́ni, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ kí ẹ lọ sí ilé-ìwòsàn.

Ẹ ra ìwé kékeré kan pẹ̀lú. Lójoojúmọ́, ẹ kọ ibi tí ẹ sáré dé sínú rẹ̀, àti bí ara ti rí. Ní òwúrọ̀ tí ẹsẹ̀ bá tún wúwo, ẹ ṣí i sẹ́yìn, kí ẹ wo ibi tó ti ń rẹ̀ yín ní oṣù tó kọjá.