Yìnyín Arctic: Fífẹ̀ Rẹ̀ La Mọ̀, Nínípọn Rẹ̀ Ńkọ́?

Ìròyìn náà ti kárí ayé. Àjọ NSIDC, tó ń ṣọ́ yìnyín láti ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2025 ni yìnyín orí Òkun Arctic fẹ̀ dé góńgó lọ́dún náà: mílíọ̀nù 14.33 kìlómítà onígun mẹ́rin péré. Títí di ìgbà náà, láti nǹkan bí ọdún 47 tí sátẹ́láìtì ti ń ṣọ́ ọ, òpin òtútù kò bá a ní kékeré tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó dáa, ṣùgbọ́n fífẹ̀ nìyẹn. Yìnyín tó nípọn tó mítà mẹ́rin àti èyí tí kò ju ààbọ̀ mítà lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye yìnyín tó kù gan-an, àfi kó mọ bó ṣe nípọn tó. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí kò sí sátẹ́láìtì tó ń wọn ìyẹn ní tààrà.

Èyí tó yọ sókè omi ni wọ́n ń wọn. Yìnyín fúyẹ́ ju omi òkun lọ díẹ̀, ìdí nìyí tó fi ń léfòó, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ ló ń yọjú; ìyókù wà lábẹ́ omi. CryoSat-2 ti àwọn ará Yúróòpù, tó gòkè lóṣù Kẹrin ọdún 2010, ń lo rédà. ICESat-2 ti Amẹ́ríkà, tó gòkè lọ́dún 2018, ń lo iná lésà. Wọ́n á wo bí ojú yìnyín ṣe ga tó, wọ́n á wo bí omi tó hàn níbi tí yìnyín ti sán ṣe ga tó, wọ́n á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á wá ṣírò ohun tó wà nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 5 ṣì í lókè, ó ti di bí ìdajì mítà kí ìṣirò tó parí. Lórí yìnyín tí gbogbo rẹ̀ kò ju mítà méjì lọ, ìyẹn kì í ṣe kékeré.

Òjò-dídì ló tún wá da ọ̀rọ̀ rú. Ẹ wo ọkọ̀ tó ń ru yanrìn bọ̀ lórí ọ̀sà Èkó: bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ tó kù lókè omi ń dínkù, ẹni tí kò bá mọ̀ pé ẹrù wà nínú rẹ̀ á rò pé ọkọ̀ kékeré ni. Bẹ́ẹ̀ ni òjò-dídì ṣe ń tẹ yìnyín mọ́lẹ̀ sínú omi. Orí òjò-dídì ni lésà ń dúró sí. Rédà ni wọ́n gbà pé ó ń là á kọjá dé orí yìnyín, ṣùgbọ́n bí omi tàbí iyọ̀ òkun bá ti wọ inú òjò-dídì, kì í dé ìsàlẹ̀ tán. Ọ̀nà kan ò wá sí ju kí èèyàn mọ bí òjò-dídì ṣe jìn tó.

Níbo ni wọ́n ti wá rí ìyẹn? Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Àwọn ará Soviet ló fi í sílẹ̀. Wọ́n á pàgọ́ sórí yìnyín tó ń sún kiri lójú òkun, wọ́n á máa gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù, wọ́n á máa wọn òjò-dídì. Àkọsílẹ̀ wọn láti 1954 sí 1991 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Stephen Warren àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣà jọ sínú ìwé kan lọ́dún 1999, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìṣirò CryoSat-2 gbára lé. Àmọ́ orí yìnyín àgbà, tó ti la ẹ̀ẹ̀rùn mélòó kan kọjá, ni àwọn yẹn pàgọ́ sí. Yìnyín ọdún kan ló pọ̀ jù lónìí. Kì í tètè dì, nígbà tó bá sì máa fi dì, púpọ̀ nínú òjò-dídì ìbẹ̀rẹ̀ òtútù ti bọ́ sómi. Àwọn onímọ̀ wá ń dá iye àtijọ́ sí méjì fún un. Àtúnṣe tó bọ́gbọ́n mu ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, kò lè jẹ́ ìdajì géérégé níbi gbogbo, lọ́dọọdún.

Kí àwọn sátẹ́láìtì yìí tó dé, ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló ń ṣe iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 1958, Nautilus ti Amẹ́ríkà gba abẹ́ òpin àríwá ayé kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ sónà, tó ń fi ìró wọn nǹkan, tí wọ́n kọjú rẹ̀ sókè, torí kò sí ọ̀gá ọkọ̀ tó fẹ́ forí sọ yìnyín. Apá ńlá tó wà lábẹ́ omi ni sónà ń wọn, nítorí náà àṣìṣe rẹ̀ kì í di ràbàtà. Àṣírí ológun ni wọ́n fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyẹn ṣe títí di àwọn ọdún 1990. Nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Drew Rothrock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, apá abẹ́ omi ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ti wálẹ̀ láti mítà 3.1 láàárín 1958 sí 1976, ó di mítà 1.8 láàárín 1993 sí 1997. Ká má gbàgbé pé ibi tí ọkọ̀ ogun bá gbà nìkan la mọ̀. Kì í ṣe gbogbo òkun.

Àwọn ará Norway náà so sónà mọ́lẹ̀ sínú omi Fram Strait, ọ̀nà tí yìnyín ń gbà ṣàn jáde kúrò nínú Arctic, láti ọdún 1990. Ohun tí ìyẹn fi hàn ni pé nǹkan yí padà lójijì ní nǹkan bí ọdún 2007: yìnyín tó nípọn gan-an dínkù, àkókò tí yìnyín ń lò nínú Arctic kó tó ṣàn jáde sì fi ohun tó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta kúrú sí i.

Irinṣẹ́ wọ̀nyí kò jọra, wọn kò sì wọn ibì kan náà, síbẹ̀ ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ́ka sí. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ṣiyèméjì pé yìnyín náà ti fẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ti ọdún yìí fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá fẹ́lẹ́ ju ti èṣí lọ, tàbí tó ní ó nípọn jù ú lọ, ẹ má tíì gbà á.

Ọdún bí i mẹ́ta ni wọ́n ṣe CryoSat-2 fún. Ó ti lo ju 15 lọ lókè. Yúróòpù ń kan èyí tó máa rọ́pò rẹ̀, CRISTAL, tí yóò ní rédà oríṣi méjì kó lè ya òjò-dídì sọ́tọ̀ kúrò lára yìnyín.