ÒPÈ ÒNÍ NI Ọ̀TA Ọ̀LA
Ìtàn ọmọ Yorùbá tí wọ́n pa títí nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, kó tó di ọ̀gá

Ayò kì í ṣe àjèjì ní Wásinmi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àjèjì ní Ìkirè àti Àpòmù. Ẹni méjì ló ń jókòó ti ọpọ́n: ọ̀kan ni ọ̀ta, èkejì ni òpè. Ọ̀ta ni ó ń pa, òpè ni wọ́n ń pa. Bí wọ́n bá sì pa á tán, àwọn òǹwòran á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà níbẹ̀ o. Ta ló bí ọ̀ta? Òpè ni! Kò sí ọ̀ta kan láyé yìí tí kò ti jẹ́ òpè rí. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kò ju ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tí wọ́n pa wọ́n tán. Àwọn kan bínú dìde, wọn kò padà wá mọ́. Àwọn kan sì jókòó, wọ́n ní, "Ẹ dúró ná, ibo gan-an ló ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́?"

Ọmọ kan wà tó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí lẹ́yìn odò. Tanítolúwa Adéwùmí ni orúkọ rẹ̀. Ìyálọ́jà tí ọjà ti bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ rí, àti ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá ti lù nítorí aṣọ tó gé bàjẹ́, kí wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀.

WỌ́N SÁ KÚRÒ NÍ ÀBÚJÁ

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni Káyọ̀dé Adéwùmí, bàbá ọmọ náà, ń ṣe ní Àbújá. Gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún àwọn oníròyìn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Boko Haram gbé iṣẹ́ wá fún un pé kó bá àwọn tẹ ìwé ìpolongo tó lòdì sí ẹ̀kọ́ ìwé àti sí àwọn Kristẹni. Ó kọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ọkàn rẹ̀ kò ti balẹ̀ mọ́. Nígbà tó di ọdún 2017, ó kó ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó di Amẹ́ríkà.

Ẹ má rò pé ìgbádùn ni wọ́n bá níbẹ̀. Ilé tí ìjọba fi ń gba àwọn aláìnílé ní New York ni wọ́n ń sùn. Bàbá ń fọ abọ́, ó tún ń fi mọ́tò gbé èrò. Ìyá, Olúwatóyìn, ń kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi Tanítolúwa sí, PS 116, tíṣà kan tó ń jẹ́ Shawn Martinez ń kọ́ àwọn ọmọ ní ṣẹ́ẹ̀sì. Ọmọ náà rí i, ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ni wọ́n ń san kí ọmọ tó lè wọ ẹgbẹ́ náà, ó lé ní 300 dọ́là. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rí i? Ìyá rẹ̀ kọ ìwé, ó sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ pé kò sí owó. Russell Makofsky tó ń darí ètò náà sì ní kí wọ́n gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

WỌ́N PA Á, WỌ́N TÚN PA Á

Ẹni tí kò bá mọ ṣẹ́ẹ̀sì, kó fi wé ayò. Ilé 12 ni ayò ní, ọmọ ayò 48. Ilé 64 ni ṣẹ́ẹ̀sì ní, ẹni kọ̀ọ̀kan sì ní ọmọ 16 tirẹ̀: ọba kan, ayaba kan, àwọn bíṣọ́ọ̀bù, àwọn ẹṣin, àwọn ilé ìṣọ́ àti àwọn ọmọ-ogun kéékèèké 8. Ẹni tó bá ká ọba ẹnì kejì mọ́ ló pa á.

Ní ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Amẹ́ríkà, máàkì wà fún olúkúlùkù. Bí ó bá pa ènìyàn, máàkì rẹ̀ á gòkè. Bí wọ́n bá pa á, á wálẹ̀. Ní ìdíje àkọ́kọ́ tí Tanítolúwa lọ, ní ọdún 2018, máàkì rẹ̀ jẹ́ 105. Nínú gbogbo àwọn tó wá síbẹ̀, òun ló kéré jù! Ọmọ ọdún 7 ni, àlejò ni, kò nílé, òun náà ló tún wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, iwájú ló ń wò. Bí àgbà bá ṣubú, ẹ̀yìn ló ń wò. Ọmọdé yìí wo ẹ̀yìn bí àgbà. Ní alẹ́, á nà gbọọrọ sórí ilẹ̀ ilé aláìnílé náà, á máa fi kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀ kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní Sátidé, ìyá rẹ̀ á mú un lọ sí Harlem, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún wákàtí 3.

Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ó lọ bá àwọn ọmọ kéékèèké ẹgbẹ́ rẹ̀ du ipò kìíní ní ìpínlẹ̀ New York. Àwọn ọmọ olówó wà níbẹ̀, àwọn tí bàbá wọn gba tíṣà àdáni fún. Ẹnì kankan kò pa á! Ife tí wọ́n fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó òun fúnra rẹ̀. Nígbà tí ìwé ìròyìn gbé e jáde, àwọn ènìyàn dá owó tó lé ní 200,000 dọ́là fún wọn, ẹbí náà sì rí ilé gbé. Wọ́n dá ìdá mẹ́wàá nínú owó náà fún ìjọ wọn, wọ́n fi ìyókù dá àjọ sílẹ̀ láti ran àwọn mìíràn lọ́wọ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2021, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 10, máàkì rẹ̀ kọjá 2,200, ó sì gba oyè ọ̀gá ní Amẹ́ríkà. Láti 105 o! Nígbà tí àwọn oníròyìn bi í léèrè, èsì tó fọ̀ ni pé òun kì í pe é ní pípàdánù, ẹ̀kọ́ ni òun ń pè é. Ó ní kò sí bí wọ́n ṣe lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó ṣe àṣìṣe kan, ẹni tó bá sì rí àṣìṣe náà ti rí ọ̀nà tó máa gbà borí.

IBO LÓ TI BẸ̀RẸ̀?

Ọ̀nà kan wà tí wọ́n fi ń pa òpè ní ṣẹ́ẹ̀sì ní ìgbésẹ̀ 4 péré. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta á yọ ayaba rẹ̀ jáde, á yọ bíṣọ́ọ̀bù kan, á dojú àwọn méjèèjì kọ ọmọ-ogun kékeré kan níwájú ọba òpè. Ọmọ-ogun yìí kò ní olùṣọ́ kankan àfi ọba fúnra rẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kẹrin, ayaba á wọlé, á jẹ ọmọ-ogun náà. Bíṣọ́ọ̀bù ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè, ọba kò sì lè fọwọ́ kàn án. Ó parí!

Òpè á la ẹnu sílẹ̀. Á ní oògùn ni, tàbí kó ní orí òun ni kò pé. Irọ́ ni. Bó bá to àwọn ọmọ náà padà, á rí i pé kì í ṣe ìgbésẹ̀ kẹrin ni wọ́n ti pa òun. Ìgbà tí ayaba ti jáde ni, tí òun kò bi ara òun pé, "Kí ni èyí ń wá?" Tó bá mọ èyí, ẹnikẹ́ni kò tún ní fi ọ̀nà yẹn pa á mọ́ láé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ayò. Bí ọmọ tí ẹnì kejì fi sílẹ̀ kẹ́yìn bá sọ ilé rẹ di 2 tàbí 3, ó ti jẹ ẹ́. Ìyẹn ni pé ilé tí ọmọ rẹ̀ jẹ́ 1 tàbí 2 ló wà nínú ewu. Òpè kì í kà á. Ọ̀ta á ti kà á kó tó fọwọ́ kan ọpọ́n.

OHUN TÍ ÒPÈ LÈ ṢE

Èkíní, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ńlá, olúkúlùkù ló gbọ́dọ̀ máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sínú ìwé. Ẹni tí kò kọ ọ́ dà bí ìyá ọlọ́jà tó ń ta àwìn láìní ìwé gbèsè. Á mọ̀ pé owó òun ti dín, kò ní mọ ọwọ́ ẹni tó wà.

Èkejì, kó jókòó ti ẹni tó pa á, kó bi í léèrè: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti rí mi mú?" Ìtìjú ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn béèrè. Bẹ́ẹ̀, inú ọ̀ta máa ń dùn láti sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta, kó mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nínú ìjà kan. Ẹni tó bá fẹ́ tún ohun mẹ́wàá ṣe lọ́jọ́ kan kò ní rí ọ̀kan tún ṣe.

Ẹ̀kẹrin, kó máa bá ẹni tó ju òun lọ díẹ̀ ta á. Ẹni tó ń wá òpè ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan kiri kó lè máa pa á, òpè ni yóò kú sí.

Àwọn ọ̀gá àgbáyé náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó di ọdún 1927, Alexander Alekhine, ọmọ Rọ́ṣíà, kò tíì pa Capablanca, ọmọ Kúbà tó gba ipò kìíní láyé, rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kó gbogbo ohun tí Capablanca ti ta sílẹ̀, ó yẹ̀ wọ́n wò fínnífínní. Nígbà tí wọ́n pàdé ní Buenos Aires lọ́dún náà, ìgbà 34 ni wọ́n ta á. Alekhine pa á nígbà 6, òun náà pa Alekhine nígbà 3, ìyókù di ọ̀mì. Bí Alekhine ṣe gba ipò náà nìyẹn.

Nílé níbí ńkọ́? Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ní Ìkòròdú ni Túndé Onakoya ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó ní ilé-ẹ̀kọ́ kí ọmọ náà lè kàwé. Ní 2018, ó dá ẹgbẹ́ Chess in Slums Africa sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní Májídùn, Mákòókò àti Òṣòdì. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, ó fi 60 wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní New York láti wá owó ìwé fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ta ló jókòó sí iwájú rẹ̀? Shawn Martinez kan náà, tíṣà Tanítolúwa!

KÒ PIN SÍDÌÍ ỌPỌ́N

Ọ̀rọ̀ yìí kan télọ̀ àti kápẹ́ńtà ní Wásinmi. Ọmọ iṣẹ́ tó gé ṣòkòtò kúrú, ibo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ó lè má jẹ́ sísọ́ọ̀sì ló ṣẹ̀, ó lè jẹ́ pé nígbà tó ń wọn oníbàárà ló ti kọ nọ́ńbà lódì. Ìyá alátà tí tòmátì rẹ̀ jẹrà, kó má kàn bú oòrùn. Ọjọ́ wo ló rà á? Ta ló rà á lọ́wọ́ rẹ̀? Mélòó ló ń tà lójúmọ́?

Ará Ìkirè kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́ yìí. Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí ẹlòmíràn ìbá dà nù sí ààtàn, ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ dòdò Ìkirè. Wọ́n fi ata sí i, wọ́n dín in nínú epo, òun sì ni gbogbo èrò ọkọ̀ ń béèrè.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá pa lónìí, yálà nídìí ayò ni o, nídìí ṣẹ́ẹ̀sì ni o, tàbí nínú ọjà, kó má ṣe da ọpọ́n nù. Kó to ọmọ rẹ̀ padà, kó wá ibi tó ti ṣìnà. Ẹni tó rẹ́rìn-ín òpè lánàá ni yóò máa bẹ̀ ẹ́ lọ́la pé, "Ọ̀ta, ẹ rọra o!"