Ìlàjà: Láti Kírìjì dé Kóńgò àti Làìbéríà

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlàjà ń gbà kò ní láti lọ jìnnà sí Ìlá-Ọ̀ràngún. Nígbà ogun Kírìjì, àwọn ará Ìlá àti Ìgbómìnà mìíràn wà nínú Èkìtìparapọ̀ tí ó dìde sí Ìbàdàn. Ọdún gorí ọdún ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi wà ní bùdó, apá ẹnìkan kò sì ká ẹnìkejì. Ní 1886, ìjọba Èkó rán àwọn àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, sí wọn, a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ohun tí ó mú kí ìlàjà náà ṣeé ṣe ni pé ẹgbẹ́ méjèèjì ti fẹ́ kí ẹlòmíràn dá sí i.

Ọ̀nà yìí kan náà ni Nàìjíríà gbà wọ inú ọ̀ràn ayé. Ní ọjọ́ 7 oṣù October, 1960, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn òmìnira, ó di ọmọ ẹgbẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Kí oṣù November tó parí, ọmọ ogun rẹ̀ ti wà ní Kóńgò. Kì í ṣe láti ṣẹ́gun ni wọ́n lọ, bí kò ṣe láti pa ìlú mọ́. Ní 1964, Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi ni ó ṣe olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ náà níbẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí.

Ọ̀ràn Làìbéríà le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, gúnlẹ̀ sí Monrovia ní oṣù August, 1990, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Charles Taylor kò gbà wọ́n, ìbọn ni wọ́n fi pàdé wọn. Báyìí ni onílàjà di ajagun. Nàìjíríà ni ó kó ọmọ ogun àti owó tí ó pọ̀ jùlọ sílẹ̀.

Ìrànlọ́wọ́ kò mọ sí ti ìbọn. Ní 1976 ni Nàìjíríà dá àpò owó kan sílẹ̀ ní Báǹkì Ìdàgbàsókè Áfríkà, láti máa yá àwọn orílẹ̀-èdè aláìní lówó pẹ̀lú èlé fífúyẹ́. Láti 1987 ni ó sì ti ń rán àwọn dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ lọ fún ọdún méjì-méjì sí Áfríkà, Karibíà àti Pàsífíìkì.

Àwọn kan ń bèèrè pé kí ni ìdí tí ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò fi ń bá aládùúgbò rẹ̀ bo ilé. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti aláìmòye, nítorí ẹ̀mí ṣòfò, opó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ogun Làìbéríà kò dúró sí Làìbéríà: ní 1991 ó ti dé Sàró. Síbẹ̀, ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìrànlọ́wọ́ tí ó yẹ ni èyí tí agbára ẹni ká, tí àwọn tí ń jà gbà, tí a sì lè ṣe ìṣirò rẹ̀ fún àwọn ará ilé.